Elérù Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà
Àwọn àgbà ní elérù kì í dá ẹrù sọ̀. Àsàbí ru ìkòkò epo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbé e rù ú lóko.

“Bàbá Ṣẹ̀gilọlá, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ̀ ọ́.”

Bàbá náà, aládùúgbò rẹ̀, na ọwọ́ tí ìjọba fi ẹ̀gbà irin sí hàn án. “Ìyàwó wa, iṣẹ́ láìgbàṣẹ nìyẹn. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbà yìí á ké, mi ò sì ní ríṣẹ́ ṣe mọ́ láyé. Òṣìṣẹ́ tó ń sọ ẹrù ń bọ̀ nírọ̀lẹ́.”

“Ọrùn mi ò lè dìrọ̀lẹ́.”

“Mo mọ̀. Pẹ̀lẹ́.”

Ó gbé àga wá, ó jókòó tì í. Nígbà tí Àsàbí ṣubú tòun tìkòkò, gbogbo àdúgbò tú jáde, wọ́n yí i ká, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́.

Bàbá wojú wọn. “Ta ló gbàṣẹ àtifani dìde nínú yín?”

Kálukú ki ọwọ́ tòun tẹ̀gbà bọ abẹ́ aṣọ.