Ológbò Inú Ilé Òwú

Nígbà tí ogójì ọjọ́ tó bímọ pé, Àtọ́kẹ́ pọn ọmọ rẹ̀, ó gba ilé òwú Àlájì Mùstàfá lọ ní Ọ̀tu. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára òwú kí wọ́n tó dì í sápò. Ọdẹ ni ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́bọ̀dé, ẹran igbó sì ti ń sá fún un láti ọdún tó kọjá. Bí iṣẹ́ òwú bá bọ́, ebi ni.

Gbogbo ìlú ló mọ Àlájì. Ìyá Jẹ́ẹ́dé gbé ọmọ tuntun wá síbi iṣẹ́ rí, Àlájì lé e kí oòrùn tó mú. Ó ní, "Ilé òwú ni mo kọ́. N ò kọ́ ilé ìkómọ."

Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tó ti há sórí kò tíì jáde tí Àlájì fi sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó sì dé fìlà sódì.

"Ọmọ yìí ń sùn lóru?"

"Rárá o, Àlájì."

"Bó bá ń ṣe òsúkè ńkọ́? Kí lẹ̀yin obìnrin fi ń dá a dúró?"

"Òwú ni, sà. Ẹ ó rẹ díẹ̀ sómi, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí."

Àlájì mi orí. "Máa gbé e wá lójoojúmọ́. Bó bá ń ké, jẹ́ kó máa ké. Igbe ọmọ kì í ba òwú jẹ́."

Ó tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbé ìkòkò omi tútù tì í. Ó ní kó máa lọ sílé kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, owó rẹ̀ ò ní dín. Ó tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pariwo, kí ẹnikẹ́ni má sì kan ilẹ̀kùn yàrá inú.

Àmúdà tó ń wọn òwú bú sẹ́rìn-ín. "Àgbò Iléyá! Bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ yìí, ṣé o ti rí ọ̀bẹ?"

"Kí ló fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ìyàwó kẹta ni. Ojú ọkùnrin kì í ṣàdéédé pọ́n."

Ìyàwó kékeré Àlájì, Tíṣà Àwáwù, náà dà bí ẹni tó fura. Ọdún tí ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni, tíṣà ò tó nílẹ̀. Síbẹ̀, bí agogo ìsinmi bá ti lù, á sáré gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá, wọn á sì ti ara wọn mọ́ yàrá inú. Bó bá ń jáde, á tẹjú mọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn Àtọ́kẹ́, á mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àmúdà ké láti ìdí òṣùwọ̀n, "Àtọ́kẹ́, ọmọ rẹ ń sunkún!"

"Ọmọ mi tó ń sùn lẹ́yìn mi?"

"Ológbò ni!" Àlájì dáhùn láti yàrá inú.

Àgbẹ̀ kan láti Òfíkì ní bí ológbò yẹn bá bímọ, kí wọ́n bá òun mú ọ̀kan sílẹ̀ nítorí eku.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó kẹta dé etí Ọdẹ́bọ̀dé. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di ilé òwú.

"Ọkọ ìyàwó dà?"

Àtọ́kẹ́ rọ̀ mọ́ ọn láṣọ. "Bàbá ọmọ mi, iṣẹ́ mi! Má ba iṣẹ́ mi jẹ́!"

Ọdẹ́bọ̀dé fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn yàrá inú ṣí, ó na ìbọn.

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ọdẹ," Àlájì sọ wúyẹ́wúyẹ́, "pa mí bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìbọn dún."

Àlájì dúró láàárín àwọn àpò òwú, ó ń jó díẹ̀díẹ̀, ó fi agbádá rẹ̀ ṣe ọ̀já, ó sì pọn ọmọ tuntun Tíṣà Àwáwù, èyí tí gbogbo Ọ̀tu rò pé ọwọ́ ìyálé ló wà láti ìgbà tí ìsinmi ìbímọ tíṣà ti tán, tí igbe rẹ̀ sì ti ń fara pamọ́ sábẹ́ igbe ọmọ Àtọ́kẹ́: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, òwú tútù ṣì wà níwájú orí rẹ̀.