Oṣù Mẹ́fà Láì Pa Ọjọ́ Kan Jẹ

Aṣọ ilé ìwé ni aránṣọ náà ń wọn fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó fi rí i pé èjìká kan ga ju èkejì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Dókítà ya èsìréè, ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ náà ti wọ́, ó ti tó dígírì méjìlélógójì.

"Bó bá fi lè kọjá àádọ́ta, iṣẹ́ abẹ ló kù."

Ìyá náà ò fẹ́ gbọ́ "abẹ" sétí rárá. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n náà ò sì padà wálé.

Àǹtí tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní eré ìmárale fi bí ọmọ ṣe máa ṣe é hàn án lẹ́ẹ̀kan, ó wá fi áàpù kan sórí fóònù ìyá rẹ̀.

"Ilé yín jìn. Áàpù yìí ló máa máa kọ́ ọ nílé. Ìbéèrè díẹ̀ wà tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ dáhùn. Bí èyíkéyìí bá rú yín lójú, ẹ pè mí."

"Kí ló fẹ́ rú mi lójú?" Ogún ọdún ni aránṣọ náà ti fi ń gé aṣọ sára èèyàn.

Ilé ló ti dáhùn ìbéèrè náà. Ọmọ ọdún mélòó? Ó tẹ̀ ẹ́. Ìhà wo ni ẹ̀yìn wọ́ sí? Ó fa èsìréè yọ nínú àpò, ó nà án sójú fèrèsé, ó fi ìka tọ ọ̀pá ẹ̀yìn náà láti òkè délẹ̀. Lẹ́tà R kan ṣoṣo tó wà ní igun rẹ̀ kọjú sódì, bí ẹni pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé ló kọ ọ́. Ẹ̀rín pa á.

"Ẹ wo ìwé ọwọ́ àwọn dókítà! Jẹ́léósinmi sàn jù yín lọ."

Ó tẹ ìdáhùn rẹ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, kó tó lọ sílé ìwé àti bó bá ti dé, ọmọ náà á tẹ́ ẹní sáàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti kọ́bọ́ọ̀dù, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ìrọ̀rí, á na apá, á mí kanlẹ̀. Fóònù á máa kà á sókè. Bó bá parí, á fún un ní ìràwọ̀.

"Màmá, kì í ṣe báyìí ni àǹtí ṣe é fún mi."

"Ìwọ ló wá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́ ni? Na apá, jàre!"

Ọmọ náà na apá.

Lóṣù kejì, ó ní ẹ̀gbẹ́ ń ro òun. Ìyá rẹ̀ ní oògùn tó bá máa ṣiṣẹ́, kíkorò ló ń korò. Lóṣù kẹrin, ó rán fóòmù pẹlẹbẹ mọ́ èjìká aṣọ ilé ìwé kó lè dọ́gba. Lóṣù karùn-ún, ó fi kún un. "Ara ń ṣàtúntò ni," ló ń wí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni àǹtí, tó ń rí ìràwọ̀ wọn láti ọ́fíìsì rẹ̀, ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ẹ máa bá a lọ. Kò sí oníbàárà tí ìyá náà kò fi í hàn.

Ọjọ́ èsìréè tuntun pé. Dókítà wò ó, ó tún un wò.

"Ẹ jókòó, màmá. Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Irọ́ ni! Ẹ tún un yà!"

"Àwọn tí kò tiẹ̀ ṣe eré yìí rárá, tiwọn kì í tètè burú tó báyìí."

"Àwa ni ò ṣe é?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ó na fóònù síta. "Ẹ ka ìràwọ̀! Ẹ bá mi wá ọjọ́ kan ṣoṣo tá a pa jẹ!"

Wọ́n pe àǹtí. Ó ní kí ọmọ náà ṣe é bó ṣe ń ṣe é nílé. Ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó na apá, ó mí kanlẹ̀, bí áàpù ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Fóònù kà á, ó fún un ní ìràwọ̀.

Àǹtí gba fóònù náà, ó ṣí i padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Màmá, ọ̀tún ni ẹ̀yìn ọmọ yín wọ́ sí, òsì lẹ tẹ̀ síbí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òdì lẹ gbé èsìréè náà wò, ibi tó ń wọ́ lọ gan-an lẹ ti ń bá a tì í láti oṣù mẹ́fà yìí wá."