Àga Méjì Lójú Fóònù

Obìnrin kan tún àmì áàpù tó ń ṣe yà. Àga méjì tó kọjú síra ni, àmọ́ bó bá ti kéré lójú fóònù, bí ẹyọ kan ló ń rí. Áàpù àwọn àgbàlagbà tí wọn kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ pè.

"Màámi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ ni."

"Ọwọ́ mi dí, mà. Mà á pè yín."

"Ohùn ẹ ti dà bíi ti ẹ̀rọ tó máa ń ní kéèyàn tún pè padà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó gé fóònù. Nínú fáìlì tó ń júwe áàpù náà, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ ò ní dá wà mọ́." Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ fi forúkọ sílẹ̀. Obìnrin náà pariwo ayọ̀, kò sẹ́ni tó bá a yọ̀ nínú yàrá náà. Ó wo nọ́ńbà ẹni náà. Ti ìyá rẹ̀ ni.

Níbi tí áàpù ti béèrè pé, "Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀?", ìyá kọ ọ́ pé: "Ẹnikẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀."