Àpò Ìrẹsì Ilé Méjìlá

Àpò ìrẹsì méjìlá ni ìjọba fi ránṣẹ́ sí àdúgbò kan ní Joga-Orílé nígbà kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà, ọ̀kan fún ilé kan. Ìwé kan bá a wá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú àpò títí olùyẹ̀wò yóò fi wá fojú rí i. Sẹ̀kínát, akọ̀wé àdúgbò, ló fọwọ́ sí ìwé náà. Bí àpò kan bá dín, iṣẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà kí olùyẹ̀wò tó dé. Oyèkúnlé lorúkọ rẹ̀. Ó wọ ìbòmú méjì léra, ó mú fáìlì dání.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà," Sẹ̀kínát wí. "Àwọn ló dàgbà jù."

Alfred ni Bàbá Tíṣà, ó ti fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó ṣáájú. Ààrò rẹ̀ kò gbóná mọ́ láti ìgbà náà. Àpò rẹ̀ wà ní igun yàrá, okùn pupa tí wọ́n fi rán an lẹ́nu kò já. Abọ́ kan wà lórí tábìlì, wọ́n dé e.

"Bàbá, kí lẹ wá ń jẹ?"

"Ohun tí àwọn ará àdúgbò bá gbé wá ni."

Oyèkúnlé fi àmì sí ìwé rẹ̀.

Mùínátù dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì pẹ̀lú garawa omi àti ọṣẹ.

"Ẹ fọwọ́, ọ̀gá. Kòrónà ò mọ ọ̀gá o."

"Mo fi sànìtáísà pa á nínú mọ́tò."

"Ìyẹn tinú mọ́tò. Ẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́."

Ó fọ̀ ọ́. Mùínátù ní ọṣẹ kò tíì hó, ó tún un fọ̀. Nígbà tó wọlé, àpò wà níbẹ̀, okùn pupa kò já.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní gbogbo ilé. Nílé kẹta, Ìdírísù tiẹ̀ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ Oyèkúnlé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún un. Nílé kẹjọ, Jibril ọlọ́kadà ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Oyèkúnlé sún sẹ́yìn. "Ṣé kì í ṣe Kòrónà nìyí?"

"Rárá, sà. Oorun ni mo ń sùn."

"Oorun wo ló ń mú èèyàn làágùn báyìí?"

Àwọn obìnrin tó wà níta rẹ́rìn-ín títí. Sẹ̀kínát kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fi parí ilé kejìlá, ìka ọwọ́ Oyèkúnlé ti hunjọ. Ó pa fáìlì dé.

"Àdúgbò mẹ́sàn-án ni mo ti yẹ̀ wò. Ẹ̀yin nìkan ni àpò yín pé. Ẹ ní sùúrù gan-an."

Sẹ̀kínát sìn ín dé ìdí mọ́tò.

Nígbà tí eruku mọ́tò náà rọlẹ̀, Jibril tún gbé àpò kan ṣoṣo tó ti ń gbé láti ilé dé ilé sórí ọ̀kadà, ó dá a padà sí igun yàrá Bàbá Tíṣà, Bàbá Tíṣà sì já okùn pupa rẹ̀, ó ní kí ilé mọ́kànlá yòókù gbé abọ́ wá, nítorí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti ń bù fún òun nínú tiwọn, tòun nìkan ló sì kù.