Ojú Ẹsẹ̀ Lórí Àtẹ̀gùn Kejìlá

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí akọ̀wé ìjọba dé ọ̀nà odò, ìwé lápá kan, agolo ọ̀dà pupa lápá kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Kó rin ọ̀nà táwọn olùjọ́sìn ń rìn nítorí ẹni mímọ́ ìgbàanì kan, láti ẹnubodè títí dé etí omi, kó yẹ ohun àtijọ́ ibẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ èyí tó jẹ́ ojúlówó sílẹ̀. Èyí tí kì í bá ṣe ojúlówó, yóò fi ọ̀dà sàmì sí i, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì fọ́ ọ dànù.

Bàbá arúgbó kan ni wọ́n ní kó mú un kiri. Bàbá Oníbàtà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, òun nìkan ni kì í bọ́ tirẹ̀. Àwọn kan ní agídí ni. Àwọn mìíràn ní egbò ló ń fi pamọ́.

Ẹnu bàbá dùn. Níbi àpáta tí ẹni mímọ́ náà sinmi lé, ó ní àpáta náà ló gbọ́n jù lábúlé: ó ti gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ayé, kò sì dá sí ọ̀kankan rí. Níbi kànga, ó fi eegun ìka kan ògiri kó-kó-kó.

"Ẹni tó mọ èyí mọṣẹ́, akọ̀wé. Abẹ́rẹ́ ò lè gba àárín àwọn òkúta yẹn kọjá."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó kọ kànga sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn tó lọ sódò, ìdílé kan wà níwájú wọn, ọmọbìnrin wọn kékeré sì ti fẹ́ sáré ṣíwájú. Bàbá na ọwọ́ dí i lọ́nà. Kò jágbe. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ìyá ọmọ, ẹ dákun, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú."

Ojú ẹsẹ̀ kan wà lórí àtẹ̀gùn kejìlá. Ẹsẹ̀ ọmọdé ni, ẹyọ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó jìn dáadáa, ọmọńdinrín rẹ̀ gun ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn olùjọ́sìn ti fọwọ́ pa á títí ó fi ń dán. Bàbá gbé ẹsẹ̀ rékọjá àtẹ̀gùn náà, ó dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwàdà ti tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹni mímọ́ nígbà tó tẹ ibí," ó ní. "Ọ̀sán ni. Eré ló ń sá bọ̀. Ẹnì kan jágbe mọ́ ọn pé kó kúrò ńbẹ̀. Ó yà, ó sá lọ sódò. Wọn ò rí i mọ́. Ọ̀run ló gbà á."

"Ta ló jágbe mọ́ ọn?"

"Ẹnì kan tí ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Obìnrin tó ń ta omi tutù lórí àtẹ̀gùn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀. "Bàbá, ìwé ní ẹni mímọ́ yìí darúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó kú. Orí ibùsùn ló kú sí, nílùú mìíràn."

"Ìwé ò mọ gbogbo nǹkan."

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ẹ̀gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ náà. Eruku aláwọ̀ eérú bọ́. Ó ha àtẹ̀gùn kọkànlá. Òkúta ni. Ó ha ìkẹtàlá. Òkúta náà ni.

"Sìmẹ́ǹtì lèyí," ó ní. Ó wo ọwọ́ bàbá, àwọn ìka rẹ̀ tó yi, tó sì ti sán. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe kẹ́ ẹ tó máa mú àlejò kiri?"

"Bíríkìlà."

"Ta ló tún àtẹ̀gùn yìí ṣe?"

"Èmi ni."

Inú bí akọ̀wé. Ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ síbí rí, lọ́dún tí àìsàn ń bá a fà á. Ó fi ètè kan ojú ẹsẹ̀ yìí, ó sọkún, ó bẹ̀bẹ̀. Àìsàn náà ló padà pa á.

"Ẹ ò ṣe é re, Bàbá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a."

"Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún," ni bàbá wí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dí i pa?"

"Mo po sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pò ó. Ọwọ́ mi kọ̀."

Lójú akọ̀wé, ọ̀rọ̀ àtijẹ àtimu nìyẹn. Ó ṣí agolo, ó fa ọ̀dà pupa sí etí àtẹ̀gùn náà lápá méjèèjì.

"Láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa fọ́ ọ."

Bàbá mi orí pé òun gbọ́. Ohun kan péré ló béèrè, bóyá òun lè jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀dà tó gbẹ. Akọ̀wé ní kò burú.

Ó jókòó, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀ kékeré náà, ọmọńdinrín tirẹ̀ náà gun ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi, sìmẹ́ǹtì náà ò bàjẹ́."