Kí Ó Ṣojú Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù, àti ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé e wá bá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, n kò ní tàn yín.

1.
Ní ọdún 1985, nígbà tí Àbújá ṣì kún fún erùpẹ̀ pupa àti ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, awakọ̀ lọ́rì kan wà tó ń jẹ́ Bùsàrí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tó kọ síwájú lọ́rì rẹ̀ ni KÒ JÁBỌ́ RÍ. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń wakọ̀, ẹrù ẹnikẹ́ni kò jábọ́ lọ́wọ́ òun rí. Bó bá ń jẹun, á sọ ọ́. Bó bá lọ kí ọlọ́fọ̀, á sọ ọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìdáyátù, ló fẹ́ Mùkáílà, fọkanáísà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ní Kugbo, lẹ́bàá títì Nyanya ní Àbújá. Pọ́ǹpù ọwọ́ ni Mùkáílà fi ń ṣiṣẹ́, èjìká rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Nígbà tó wá rí ẹ̀rọ ńlá alátáǹkì tó ń fẹ́ atẹ́gùn rà ní Ìbàdàn, ta ni ì bá ní kó bá òun gbé e wá sí Kugbo bí kò ṣe àna rẹ̀?

2.
Lẹ́yìn tí Bùsàrí gbé e kọjá Mókwa, lọ́rì kó sí kòtò. Okùn já. Táǹkì fò sókè, ó sì fi ìhà sọ àpáta. Ìhà náà wọnú, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ sì là bí etí èékánná.

Bùsàrí dúró tì í, ó ń làágùn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló yẹ kó sọ: "Ó jábọ́." Ọ̀ràn ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Sùlàímọ́nù, panẹ́bítà ọmọ Ìlọrin kan tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ní Bida.

"Kai, ẹ̀gbọ́n!" Sùlàímọ́nù figbe ta. "Èyí kì í ṣe ilẹ̀kùn ọkọ̀ o! Atẹ́gùn ló máa wà níbẹ̀, ó lè bẹ́. Ẹ dá a padà."

"Ṣé mo bi ẹ́ ni? Ojú ẹ̀ nìkan ni mo ní kó o tún ṣe."

Sùlàímọ́nù fi òòlù lù ú jáde. Ó fi bọ́dífílà, èyí tó dà bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀, dí ojú ibẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa kùn ún. Táǹkì wá ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

3.
Mùkáílà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀. Ìdáyátù ń jó. Àmọ́ nígbà tí Mùkáílà fọwọ́ pa táǹkì lára, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn níka.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ọ̀dà yìí kò tíì gbẹ. Ṣé kí n rọ omi kún inú ẹ̀ wò ná, bóyá ó ń jò?"

"Omi wo? Èmi tí mo fún ẹ níyàwó lo fẹ́ máa dán wò? Bí àlébù kan bá wà lára ẹ̀rọ yìí, kí ó ṣojú mi!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló jẹ́ bá àna rẹ̀ jiyàn? Ojú ti Mùkáílà. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kó má bínú. Ìtìjú yẹn ló fọ́ ilé rẹ̀.

4.
Táyà ọkọ̀ kéékèèké tí kò gba atẹ́gùn púpọ̀ ni wọ́n ń gbé wá, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bùsàrí kò dúró ní Kugbo mọ́. Bí Ìdáyátù bá ń juwọ́ sí i lẹ́bàá títì, tó ń pè é ní "Bọ̀dá mi! Bọ̀dá mi!", fèrè ọkọ̀ ló fi ń dá a lóhùn. Gbogbo ìgbà yẹn, ó ṣì lè sọ ọ́.

5.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, táyà ẹ̀yìn lọ́rì Bùsàrí jò tán níwájú ìsọ̀ Mùkáílà gan-an, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tó kún inú ọkọ̀.

Mùkáílà sáré jáde tayọ̀tayọ̀. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀rọ tí ẹ gbé wá ni màá fi ṣe é fún yín lónìí!"

"Má lo ẹ̀rọ yẹn. Lo pọ́ǹpù ọwọ́."

"Fún táyà lọ́rì? Kí ló ṣe ẹ̀rọ?"

Bùsàrí lanu. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ń ka ohun tó wà níwájú lọ́rì. Bùsàrí pa ẹnu dé.

"Kò sí nǹkan. Mo ń kánjú ni."

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọwọ́ gééjì tó ń fi agbára atẹ́gùn hàn ń gòkè. Ìdáyátù gbé omi tútù jáde fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀dá mi."

"Ìdáyátù, dìde níbẹ̀!"

Ó ti pẹ́ jù. Táǹkì bẹ́. Irin tó fò lára rẹ̀ gba ọrùn Ìdáyátù kọjá, ó sì gé òpó ìsọ̀ sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ta bo iwájú lọ́rì. Obìnrin náà ti kú, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fi ife omi sílẹ̀.

Mùkáílà dìde nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ṣa àfọ́kù irin kan. Lábẹ́ ọ̀dà pupa, ó rí bọ́dífílà tó nípọn bí ìka. Ó wo àna rẹ̀. Ó mú irin tó fi ń tú táyà.

"Ó jábọ́!" Bùsàrí wó lulẹ̀, ó ń sunkún. "Mùkáílà, ó jábọ́ lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn Mókwa! Dákun, ó jábọ́!"

Ó sọ ọ́ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n etí Mùkáílà ti di, kò gbọ́ ẹyọ kan. Irin ba Bùsàrí lójú, ó tún bà á lójú, títí àwọn awakọ̀ fi wọ́ Mùkáílà kúrò lórí rẹ̀.

6.
Mùkáílà tó dití lọ sẹ́wọ̀n. Bùsàrí kò ríran mọ́. Ó ní kí ó ṣojú òun, ó sì ṣojú rẹ̀: ikú àbúrò rẹ̀ lohun tó rí gbẹ̀yìn láyé. Ràdíátù, ìyá tó bí òun àti Ìdáyátù, ló ń fa ọ̀pá rẹ̀ kiri Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ kí ẹlẹ́rù tó gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbà á, ẹ tú u wò lójú ẹni tó gbé e wá, ì báà ṣe àna yín, ì báà ṣe ìmáàmù yín. Bí ojú bá tì yín, ẹ jẹ́ kó tì yín, ó sàn ju kí ẹ sin òkú lọ. Àwọn àgbà kò purọ́: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.