Kíláàsì Àwọn Tó Mutí Wakọ̀

Káfíńtà kan ń sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì.

Gbogbo àwa tó wà ní kíláàsì yìí la mutí wakọ̀. Kóòtù ló ní ká wá kẹ́kọ̀ọ́.

Káfíńtà náà ń sọ ọ́ sí mi létí: "Bàbá, adájọ́ tèmi ò lójú àánú rárá. Ìgò méjì péré ni mo mu."

Mo ní, "Ó mà ṣe o."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Ìgò márùn-ún. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Ó wò mí, ó tún wò mí.

Olùkọ́ ń pe orúkọ. Nígbà tó kan tèmi, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ máa ń rán èèyàn sí wa, a ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń bọ̀."

Káfíńtà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Aṣọ kóòtù tí ẹ ò wọ̀ ni mi ò fi tètè dá yín mọ̀, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ fún mi."